Oyin Inú Hàntú àti Ẹsẹ̀ Òsì Mi

Ọpẹ́ ni mo fi ṣáájú, nítorí Ọlọ́run tó dá ara ló mọ ibi tí ara ti ń yẹ̀. Ẹ̀yin tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé àtọ̀gbẹ wà lára yín ni mo ń kọ èyí sí, pàápàá ẹ̀yin ìyá àti bàbá Mùsùlùmí tí ẹ dàgbà sí ilẹ̀ àjò bíi tèmi. Bí ẹ bá ń sunkún, kò burú. Èmi náà sunkún. Ṣùgbọ́n ẹ ka ọ̀rọ̀ mi tán kí ẹ tó mu ohun tí ẹnikẹ́ni bá gbé wá fún yín, kódà bí ẹni tó gbé e wá bá jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn yín jù láyé.

Ìlọrin ni àwọn òbí mi ti wá sí Kumasi, Kumasi ni wọ́n sì bí mi sí. Ilé kéwú ni mo ti mọ ìwé. Ọkọ mi, Àfáà Súlè, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú ní Zongo, àdúgbò àwa Mùsùlùmí àlejò, ló kọ́ mi ní kíkọ Yorùbá lẹ́yìn ìgbéyàwó wa. Abọ́ tánganran ni mo tà ní Fante New Town títí orúnkún mi fi kọ ìdúró. Nígbà tí ọjọ́ orí wa gòkè, Mẹ́mú, ọmọ wa kan ṣoṣo tó kù láyé, ti ní ilé oúnjẹ tirẹ̀ ní Ayigya, níbi tó ti ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Èmi àti Àfáà bá kó lọ sí ilé kékeré tí a ti ń kọ́ díẹ̀díẹ̀ létí adágún Bosomtwe, láti sinmi níbẹ̀. Kò jìnnà sí Kumasi. Bí ọkọ̀ tírótìrò bá tètè kún, èèyàn á ti dé ibẹ̀ kí oòrùn tó mú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ayé ṣe rí níbẹ̀, nítorí inú ìrọ̀rùn yẹn ni àìsàn náà fara pamọ́ sí. Òkè ló yí adágún náà ká bí etí abọ́. Ní òpin ọyẹ́, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, ìkùukùu máa ń bo omi láàárọ̀, ẹ ò ní rí òdìkejì. Àwọn apẹja á dùbúlẹ̀ sórí pákó gbọọrọ, wọ́n á máa fi ọwọ́ wa omi lọ sínú ìkùukùu náà, nítorí èèwọ̀ ni kí irin kan omi yẹn, wọn kì í sì í lo ọkọ̀. Bí a bá kírun àsùbáà tán, Àfáà á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú Kùráánì rẹ̀, èmi á da èédú sínú kóòpọ́ọ̀tù, n ó gbé ẹ̀kọ gbígbóná ka orí rẹ̀, a ó jókòó, a ó máa wo bí omi ṣe ń là. Mo gbin ata, mo gbin ewúro. Mo sọ fún Ọlọ́run pé bí Ó bá fẹ́ mú mi lọ láti ibẹ̀, n kò ní jiyàn.

Nana Yaa, opó apẹja kan, ni ilé rẹ̀ kángun sí tiwa. Twi, èdè ibẹ̀, la jọ ń sọ. Maame Alata ló ń pè mí, ìyẹn ìyá Yorùbá. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé abọ́ tánganran mi lọ síbi omi, ló figbe ta.

“Maame Alata! Gbé e padà! Irin wà nínú nǹkan yẹn!”

“Tánganran ni, Nana, kì í ṣe irin.”

“Ṣé kì í ṣe irin ló wà lábẹ́ ọ̀dà yẹn? Ọjà tí o fi kọ́lé, adágún wa kò bá ọ rà á o.”

Ó fún mi ní igbá. Igbá yẹn ni mo fi ń pọnmi láti ọjọ́ náà, kì í ṣe nítorí pé mo bẹ̀rù odò, àmọ́ nítorí pé àlejò tó mọ ìwà hù ló ń pẹ́ níbi tó bá dé.

Òùngbẹ ló kọ́kọ́ dé. Mo rò pé ọyẹ́ ló fà á, nítorí ètè gbogbo èèyàn ló ń là nígbà náà. N ó mu omi, n ó tún mu, ẹnu mi á gbẹ bí ẹni tó ń gba ààwẹ̀. Ìtọ̀ kò jẹ́ kí n kírun kan parí láìtún àlùwàlá ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Aṣọ tí mo ti ń ró tipẹ́ wá ń yí mi po lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́mú wá kí wa, ó wò mí, kò rẹ́rìn-ín.

“Máámi, ṣé ẹ ń jẹun?”

“Mo ń jẹ ju bàbá rẹ lọ.”

“Òótọ́ ni,” Àfáà dáhùn látinú ọ̀dẹ̀dẹ̀. “Oúnjẹ tèmi náà ló ń jẹ.”

A jọ rẹ́rìn-ín sí i. Bí a bá mọ̀ ni, a kì bá tí rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ń jẹun gan-an tó sì ń rù, kí ó lọ rí dókítà.

Àfáà kò fi ọwọ́ lẹ́rán wò mí. Ohun tó mọ̀ pé ó lè wò mí sàn ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe. Ó gbé wàláà rẹ̀ àtijọ́ jáde, pákó tí àwọn ọmọ kéwú ti fi ọwọ́ dán, ó fi kálámù àti tàdáà kọ àwọn aáyá ìwòsàn sí i, ó ṣan án sínú abọ́ mímọ́, ó sì po oyin mọ́ ọn. Ohun tí àwa ń pè ní hàntú nìyẹn. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ, ó sì ti fún ọ̀pọ̀ aláìsàn ní Zongo mu. Àsìkò tí wọ́n ń kó oyin nínú igbó etí adágún náà nìyẹn, oyin tuntun, dúdú, tó ki. Ìgò ńlá ni wọ́n fi ń gbé e wá ta fún wa. Ó ní kí adùn bo kíkorò tàdáà mọ́lẹ̀, àti pé oyin fúnra rẹ̀ jẹ́ ìwòsàn nínú ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Mo ń mu ún láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, mo ń ṣe bísímílà sí i. Bí mo bá gbé ife náà sílẹ̀, ara mi á fúyẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, òùngbẹ á tún dé.

Ní ọjọ́ kan, mo ń bọ̀ láti ibi omi, Nana Yaa dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ mi.

“Maame Alata, ṣé ò ń ṣọ́ bàtà kejì lò ni, kó má bàa gbó?”

Mo wolẹ̀. Bàtà ọ̀tún nìkan ló wà lẹ́sẹ̀ mi. Ẹsẹ̀ òsì mi wà lórí òkúta wẹ́wẹ́ lásán, n kò sì mọ̀. A padà, a rí bàtà náà nínú ẹrẹ̀ létí omi lọ́hùn-ún. Nana Yaa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo fi èékánná họ àtẹ́lẹsẹ̀ mi nígbà tí mo délé. Ó dà bí ìgbà tí mo ń họ ẹsẹ̀ ẹlòmíràn.

N kò sọ fún ẹnì kankan. Bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń ṣe nìyẹn: a ó ní ogbó ni.

Òtútù àárọ̀ ló kó bá mi. Mo máa ń na ẹsẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kóòpọ́ọ̀tù kí wọ́n lè yá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Àfáà gbé ojú sókè láti inú Kùráánì.

“Ìyá Mẹ́mú, kí ló ń jóná?”

“Bóyá ẹ̀kọ ni.”

Kì í ṣe ẹ̀kọ. Ẹsẹ̀ òsì mi ni ó fara ti kóòpọ́ọ̀tù, tí awọ ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò sì ti wú funfun. Èmi tó ni ẹsẹ̀ kò jẹ̀rora rárá. Àfáà ni ó fò dìde tó fa ẹsẹ̀ mi kúrò, òun ni ó ń kígbe “Sùbùhánà Lláhì” bí ẹni pé òun ni iná jó.

Ojú jíjó náà kò san. A fi òróró pa á, a fi ewé lé e. Ó ń gbòòrò, ó ń rùn. Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin dé. Ìyá Fàǹtí là ń pè é. Kì í ṣe Fante o, ó kàn ti pẹ́ ní Fante New Town ju gbogbo wa lọ ni. Ó jókòó, ó tú aṣọ tí a fi di ẹsẹ̀ náà, ó sì tún un dì kíá.

“Ìyàwó wa, mo sọ ọ́. Mo ní kí ẹ má lọ gbé etí odò tó ní èèwọ̀. Ìwọ lo lọ fi abọ́ irin bu omi wọn.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, n kò bu ú. Nana Yaa dá mi dúró.”

“O ṣáà ti rò ó. Súlè, mú ìyàwó rẹ kúrò níbí. Bàbá kan wà ní Suame tó ń fi ewé wo egbò, kò sí egbò tí kì í gbẹ níwájú rẹ̀.”

Àfáà ní, “Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run tó dá odò yìí náà ni mo ń ké pè. Hàntú ni ẹ jẹ́ ká máa bá lọ.”

Èrò ìwòsàn mẹ́ta ló wà nínú ilé nígbà náà. Ìyá Fàǹtí fẹ́ ewé, Àfáà fẹ́ hàntú, Mẹ́mú fẹ́ ilé ìwòsàn. Èmi tí mo ni ẹsẹ̀, mo ń wo ẹnu gbogbo wọn. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Mẹ́mú ló parí ẹjọ́ náà. Ó gbé ọkọ̀ wá láàárọ̀, kò bá ẹnikẹ́ni jà, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbé ìyá mi lọ sílé ìwòsàn, kí n lè máa rí wọn kí.”

Àfáà fi orí gbà.

Ìlà tó wà nílé ìwòsàn yẹn, ẹni tó bá ti tò ó kò ní gbàgbé. Àwọn tó ti ibi jíjìn wá ti fi bàtà, òkúta àti igbá dí àyè wọn sórí bẹ́ńṣì láti ìdájí. Bàtà kan wà ní ipò kẹta tí n kò rí ẹni tó ni ín títí a fi wọlé. A gba káàdì níbì kan, a sanwó níbòmíràn, a tún padà lọ tò nítorí pé ẹni tó gba owó kò lu òǹtẹ̀. Owó ni wọ́n ń gbà kí wọ́n tó fọwọ́ kan èèyàn nígbà náà. Mẹ́mú ti ta díẹ̀ nínú àwọn ìkòkò ńlá tó fi ń dáná kí a tó kúrò nílé, n kò mọ̀ títí ìgbà tó yá. Obìnrin kan tó jókòó tì mí gbọ́ òórùn ẹsẹ̀ mi, kò sì sún kúrò. “Due, Maame,” ló ń sọ, ìyẹn ni pé ẹ pẹ̀lẹ́, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ fẹ́ èmi àti òun pọ̀. Ọlọ́run máa ṣe tirẹ̀ ní rere.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Dókítà náà jẹ́ ọkùnrin tó ti ní ewú lórí, tí kì í kánjú sọ̀rọ̀. Ó ní àtọ̀gbẹ ni, ó ti pẹ́ lára mi, òun ló mú kí ẹsẹ̀ mi kú, òun ni kò sì jẹ́ kí egbò náà gbẹ. Ó ní wọ́n máa dá mi dúró.

“Màmá, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín bá rọlẹ̀, tó sì dúró síbẹ̀, a ó lè gba ẹsẹ̀ yìí là. Ọmọ ìka méjì ló máa lọ, ẹ ó sì máa rìn. Bí kò bá rọlẹ̀, egbò náà á máa gòkè. Bó bá dé ibì kan, a ó gé ẹsẹ̀ náà kó má bàa pa yín. Ẹ má jẹ ohun dídùn kankan. Ohunkóhun.”

Mo ṣèlérí. Wálàhí, mo sì mú ìlérí náà ṣẹ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. N kò fi ṣúgà sí ẹ̀kọ mọ́. Nígbà tí aláìsàn bẹ́ẹ̀dì kejì fi ọsàn lọ̀ mí, mo yí ojú mi sí ògiri. Wọ́n ń fún mi lábẹ́rẹ́, wọ́n ń fọ egbò náà. Ṣúgà náà rọlẹ̀ díẹ̀. Inú gbogbo wa dùn. Lẹ́yìn náà ló tún gòkè. Wọ́n fi kún abẹ́rẹ́, ó tún lọ, ó tún bọ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú mi ń wojú mi bí ìyá tí ń wo ọmọ tó jí ẹran jẹ.

“Màmá, kí lẹ jẹ lẹ́yìn oúnjẹ tí a fún yín?”

“N kò jẹ nǹkan kan, ọmọ mi.”

“Kí lẹ mu?”

“Omi.”

Mi ò purọ́ fún un. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí nìyí, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí. Lójoojúmọ́, lẹ́yìn ìrun àìlà, Àfáà máa ń ti etí adágún wá pẹ̀lú fúláásìkì hàntú. Ó ń wọkọ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń tún òmíràn wọ̀, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀, kó lè dé kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù mọ́ àlejò. Ó ń bù ú fún mi, mo ń mu ún. Kò wá sí ọkàn mi rí pé ohun mímu ni. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ mi ohun tó jẹ́, n ó ní àdúà ni. Ǹjẹ́ ẹnì kan máa ń ka àdúà mọ́ oúnjẹ?

Àfáà kì í sábà pàdé Mẹ́mú níbẹ̀, nítorí ọ̀sán ni ọjà Mẹ́mú ń tà. Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gba ìsinmi, kò sí ẹni tó ń ra oúnjẹ, ọmọ náà sì tètè dé ní ọjọ́ kan. Ó bá bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń bu hàntú.

“Bàbá, ẹ fún mi díẹ̀ kí n fi gba àlùbáríkà.”

Ó gbà á, ó ṣe bísímílà, ó fi kan ẹnu. Ó dúró. Ó tún tọ́ ọ wò.

“Ɛyɛ dɛ,” ló sọ ní Twi, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. “Ó dùn. Bàbá, kí ló wà nínú ẹ̀?”

“Oyin ni. Oyin gidi, láti igbó wa.”

“Láti ìgbà wo lẹ ti ń gbé e wá?”

“Láti ìgbà tí ara ìyá rẹ ti ń ṣe é. N kò fo ọjọ́ kan.”

Mẹ́mú gbé ife náà sílẹ̀ bí ẹni tó gbé iná. “Bàbá! Dókítà ní kí wọ́n má jẹ ohun dídùn!”

“Kò jẹ ẹ́. Hàntú ló mu.”

“Ibo ni ẹ rò pé hàntú náà ń gbà lọ, Bàbá? Ṣé ó ní ọ̀fun tirẹ̀ ni?”

“Mẹ́mú, má fi ohùn yẹn bá mi sọ̀rọ̀. Ṣúgà ni dókítà kọ̀. Ọlọ́run Ọba ló sọ pé ìwòsàn wà nínú oyin. Ṣé ìwọ mọ̀ jù Ú lọ?”

Ọmọ náà bú sẹ́kún. Nọ́ọ̀sì sáré dé, ó gbóòórùn ife náà, ó sì lọ pe dókítà. Mo rò pé ó máa bínú. Kò bínú. Ó fa àga, ó jókòó ti Àfáà.

“Bàbá, n kò bá oyin jà. Oúnjẹ dáadáa ni. Ara ìyàwó yín ni kò mọ ohun tó máa fi ṣe mọ́. Omi náà dára, ṣùgbọ́n ẹni tó ń rì lọ, a kì í bu omi fún un mu.”

 Àfáà dé fúláásìkì rẹ̀, ó fi sábẹ́ agbádá, ó dìde, ó sì lọ. N kò rí i kí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Mo rò pé kò ní padà wá lọ́jọ́ kejì.

Ó padà wá. Fúláásìkì yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mẹ́mú ti dúró síbẹ̀ láti òwúrọ̀, ó ń ṣọ́ mi bí ẹni ń ṣọ́ irè oko. Àfáà bu hàntú náà sínú ife, kò gbé e fún mi. Mẹ́mú ló nà án sí.

“Tọ́ ọ wò.”

Mo mọ ọkọ mi. N kò rí i rí kó jẹ́ kí ọmọ dán òun wò. Mẹ́mú kúnlẹ̀ gbà á, ó tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ sì rọ̀.

“Omi lásán ni, Bàbá.”

“Kì í ṣe omi lásán,” Àfáà dá a lóhùn. “Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run wà nínú rẹ̀. Oyin ni kò sí.”

Mo mu ún. Ó korò. Mo mu ún tán.

Ṣúgà náà rọlẹ̀, ó sì dúró. A bẹ̀rẹ̀ sí í retí pé ọmọ ìka méjì nìkan ló máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹran ẹsẹ̀ náà ti kú, ó sì ti dúdú kọjá ọrùn ẹsẹ̀ kí a tó mọ̀, ibà sì ń ṣe mí. Dókítà wá sọ pé kò yẹ kí a dúró mọ́. Wọ́n máa gé e lábẹ́ orúnkún. Mẹ́mú bi í bóyá oyin ló fà á. Ó ní òun kò lè sọ bẹ́ẹ̀, àìsàn náà ti pẹ́ kí oyin tó dé, ṣùgbọ́n oyin náà kò jẹ́ kí a tètè borí rẹ̀. Bó ṣe sọ ọ́ gan-an ni mo ṣe kọ ọ́ yìí, n kò fi kún un, n kò sì yọ kúrò.

Mo kọ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kú pẹ̀lú ẹsẹ̀ mi. Ìyá Fàǹtí tì mí lẹ́yìn.

“Ó tọ̀nà. Ṣé bí ẹ ṣe máa gbé e fún Ọlọ́run nìyẹn, tàbùkù-tàbùkù? Ẹni tí kò ní ẹsẹ̀, báwo ló ṣe máa kọjá afárá Sírátì lọ́jọ́ àjíǹde?”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, nítorí ohun tí èmi náà ń bẹ̀rù ní ìkọ̀kọ̀ nìyẹn.  Àfáà ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀. Ó ká a sọ́wọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ni a fi ń kọjá afárá yẹn, kì í ṣe ẹsẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ dá ẹsẹ̀ náà mọ ibi tí yóò ti rí i.” Ó wá kọjú sí mi. “Ìyá Mẹ́mú, ara rẹ kì í ṣe tìrẹ. Ohun ìfipamọ́ ni. Bí ilé tí wọ́n fi ohun náà pamọ́ sí bá ń jó, ṣé o ò ní yọ ohun tó bá ṣì ṣe é yọ ni?”

Mo gba ìwé tí wọ́n ní kí n fọwọ́ sí kí wọ́n tó gé e. Lẹ́tà kéwú ni mo fi kọ orúkọ mi sí i. Nọ́ọ̀sì yí ìwé náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó béèrè ibo ni orí rẹ̀ wà. Mo rẹ́rìn-ín, pẹ̀lú ibà lára mi.

Wọ́n gé e. Nígbà tí mo jí, mo rò pé wọn kò tíì ṣe é, nítorí ìka ẹsẹ̀ náà ń yún mi. Mẹ́mú ló sọ ìyókù fún mi. Ó ní Àfáà gba ẹsẹ̀ náà lọ́wọ́ wọn, ó fi aṣọ funfun wé e, òun àti àwọn ọkùnrin díẹ̀ láti mọ́sáláásí lọ sin ín ní ìtẹ́ àwọn Mùsùlùmí. Wọn kò kírun sí i, nítorí ẹni tó ni ín ṣì wà láyé. Àfáà ló wọ inú ihò náà fúnra rẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó jáde.

Nígbà tó wá kí mi, ó jókòó, ó na ọwọ́ kan aṣọ ìbora níbi tó ti tẹ́ pẹrẹsẹ.

“Ìyá Mẹ́mú, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi—”

“Àfáà, ẹ má parí rẹ̀,” mo ní. “Ìfẹ́ lẹ fi ṣe é. Mo mu ún pẹ̀lú ìfẹ́. Ẹ jẹ́ kó dúró síbẹ̀.”

Ó dúró síbẹ̀. A kò tún un sọ mọ́, yàtọ̀ sí pé òun ló ní kí n kọ ìwé yìí, òun ló sì ní kí n má fi orúkọ oyin pamọ́. Ní báyìí, bí ẹnikẹ́ni bá wá gba hàntú lọ́wọ́ rẹ̀, yóò kọ́kọ́ béèrè bóyá dókítà ti yẹ ẹ̀jẹ̀ onítọ̀hún wò. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín sí i. Kì í dá wọn lóhùn.

A ti padà sí etí adágún. Mo ń fún ara mi lábẹ́rẹ́. Ọ̀pá ìkọ́lápá tí mo fi ń rìn, àwọn ọmọ Yorùbá tó ń tún mọ́tò ṣe ní Suame Magazine ló bá mi ṣe é, wọ́n fi rọ́bà táyà mọ́tò wé ìdí rẹ̀ kó má bàa yọ̀. Nana Yaa ló ń pọnmi fún mi. Ojú mi kò mọ́lẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, n kò sì lè gba ààwẹ̀ mọ́. Mo ń bọ́ aláìní dípò rẹ̀, pẹ̀lú ohun tí Mẹ́mú bá fún mi. Ní ọjọ́ mìíràn mo máa ń sunkún. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni mo ń dúpẹ́.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí dókítà bá béèrè ohun tí ẹ jẹ àti ohun tí ẹ mu, ẹ sọ ohun gbogbo tó bá gba ẹnu yín kọjá fún un: àgbo, hàntú, omi àdúà, ohun tí ìyá àgbà po sínú ife. Kò bu ọlá ìgbàgbọ́ yín kù. Ẹ máa wo ẹsẹ̀ yín lójoojúmọ́, nítorí ẹsẹ̀ tó bá ti kú kì í ké. Kí Ẹni tó dá mi sí láti kọ èyí dá ẹ̀yin náà sí láti kà á fún ẹlòmíràn.

Àárọ̀ àkọ́kọ́ tí mo ṣe àlùwàlá nílé lẹ́yìn gígé náà, mo jókòó sórí àpótí, Àfáà ń fi búútà da omi sí mi lọ́wọ́. Mo fọ ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ọwọ́ mi sì lọ sí òsì fúnra rẹ̀, ó bá òfìfo. Mo wo ojú rẹ̀ pé kí ni ṣáríà sọ. Ó ní, “Ohun tó bá ti lọ, fífọ̀ rẹ̀ ti kúrò lọ́rùn rẹ.” Ó gbé búútà náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, bàbá arúgbó, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún mi sórí itan rẹ̀. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn ní gbogbo àárọ̀ títí di òní. Ó ń fi aṣọ nù ún gbẹ, ó ń la ìka kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ojú tí kò ríran dáadáa mọ́ wo àárín wọn, bí ó ṣe ń wo Kùráánì tí ìkọ̀wé rẹ̀ rí wẹ́wẹ́, kí lẹ́tà kan má bàa fò ó. Bí kò bá rí egbò, á ní, “Àlùhàmúdù lílàhì.” Nígbà náà la tó ń kírun.